Èjìká Ni Ó Jẹ Gbèsè, Ìgbọ̀nwọ́ Ni Wọ́n Ní Kí Ó San Án

Bọ́ọ̀lù tí a fi ń ṣe eré bésíbọ́ọ̀lù kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọsàn lọ ní títóbi. Ìwúwo rẹ̀ kò kéré sí gíráàmù 142, kò sì ju gíráàmù 149 lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé píọ̀ wọ́tà kan sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ó sì gbé bọ́ọ̀lù yìí sí ọwọ́ òsì, píọ̀ wọ́tà náà yóò wúwo ju bọ́ọ̀lù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ta ni yóò wá gbà pé ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè ba apá géńdé jẹ́? Síbẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí eré náà ti gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n ń gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí bọ́ọ̀lù kékeré yìí. Kì í ṣe pé bọ́ọ̀lù bà wọ́n o. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n jù ú.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ọ̀nà kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbà kí bọ́ọ̀lù ọwọ́ wọn lè túbọ̀ yára. Wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù tí ó wúwo ju ti eré lọ kọ́ra, kí ti eré lè fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí ó bá yá. Ó dùn ún gbọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n gbèsè ni a fi ń ra irú ìyára bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà ara tí ó jẹ gbèsè náà sì kọ́ ni ó sábà máa ń san án.

Kí ni ó kan ará Festac?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò béèrè bẹ́ẹ̀. Ní Festac Town tí mò ń gbé, ìlú tí ìjọba kọ́ de àwọn àlejò ayẹyẹ àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọba eré ìdárayá. Bí ènìyàn bá gba Mile 2 wọlé ní ọjọ́ Sátidé, tàbí tí ó gba ìhà Apple Junction ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin kọjá, àwọn ọmọ tí ń lé bọ́ọ̀lù kiri ni yóò máa rí. Bésíbọ́ọ̀lù kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe àlejò pátápátá ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní Àbújá ní ọdún 2003, bésíbọ́ọ̀lù wà lára àwọn eré tí wọ́n díje nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, tí ó sọ ayé di ẹ̀yìnkùlé ẹni. Àwọn ọmọ wa ń rí i pé ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates ní Amẹ́ríkà gba David Matoma wọlé, ọmọ Uganda tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù jíjù. Ní ọdún kan náà, Dennis Kasumba, ọmọ Uganda mìíràn, lọ gbá bésíbọ́ọ̀lù ní ìlú Frederick ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí fídíò rẹ̀ ti tàn ká ayé, níbi tí ó ti ń fi táyà àlòkù àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó kọ́ra. Ṣáájú wọn, ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers ti yan Demi Orimoloye, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí ó sì dàgbà ní Kánádà. Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ ìdílé yẹn tí kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ọmọ bá rí irú èyí, tí ó sì rí i pé apá òun náà le, a kò lè dá a lẹ́bi bí ó bá ń lálàá.

Ìbọ̀sẹ̀, yanrìn àti téèpù

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹbí wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó pé ọmọ ọdún 15. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó kọ́ ọ ní bésíbọ́ọ̀lù, ó sì hàn lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù í jù. Nínú eré yìí, ajubọ́ọ̀lù ni ó dúró ní àárín, tí yóò ju bọ́ọ̀lù kọjá iwájú ẹni tí ó di igi mú, láti ibi tí ó jìnnà sí i tó mítà 18 àti díẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti yára tó ni ó ṣe ṣòro tó fún onígi láti gbá a. Ìdí nìyí tí gbogbo ajubọ́ọ̀lù fi ń wá ìyára bí ẹní ń wá owó.

Wọ́n sọ fún ọmọ náà pé àyẹ̀wò kan ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, níbi tí àwọn kóòṣì yóò ti yan àwọn tí wọn yóò máa kọ́. Láti ọjọ́ náà ni fídíò bọ́ọ̀lù oníwúwo ti gbà á lọ́kàn. Kò rówó ra irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó wá ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, ó kó yanrìn sínú rẹ̀, ó fi téèpù wé e títí ó fi di roboto, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó pè mí lórí fóònù.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, wá bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ọjọ́ wo ni ó ti ń sọ ògiri lókò! Ó ti wá di pé kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún fọ ẹ̀yìn ara rẹ̀ mọ́."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Nígbà tí mo dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo sì rí i pé ọwọ́ òsì nìkan ni ó fi ti ilẹ̀ dìde.

"Níbo ni ó ti ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí púpọ̀, Àǹtí. Ẹ má dá Mọ́mì lóhùn. Òkè èjìká níbí ni, alẹ́ nìkan ni ó sì máa ń dùn mí."

"Mélòó ni ò ń jù lójúmọ́?"

"Mi ò kà á, Àǹtí. Mo máa ń jù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú ni."

"Bọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Báwo ni ó ṣe wúwo tó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mi ò mọ̀ o. Ó ṣáà wúwo."

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ṣe kéèkì tà, òṣùwọ̀n sì wà nítòsí. A gbé bọ́ọ̀lù ìbọ̀sẹ̀ náà lé e. Gíráàmù 610 ni. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin bọ́ọ̀lù gidi lọ, ọmọ náà sì ń fi gbogbo agbára jù ú láìka iye. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì tún jókòó ti àwọn físíò, ìyẹn àwọn oníṣègùn tí ń fi ìdárayá tún oríkèé àti iṣan ṣe. Ohun tí mo kó jọ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Ọsàn lórí àwo pẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Ẹlẹ́dàá ṣe ṣe èjìká. Ibi tí itan ti pàdé ìbàdí jìn. Orí egungun itan wọnú ihò rẹ̀ bí orí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó. Ti èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Orí egungun apá rí roboto, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n ibi tí ó jókòó lé kò jìn rárá. Ó dà bí ọsàn tí a gbé lé orí àwo pẹẹrẹ. Ìdí nìyí tí apá fi lè lọ síwájú, sẹ́yìn, sókè àti yíká ju ẹ̀yà ara mìíràn lọ. Ìdí náà nìyí tí èjìká fi máa ń yẹ̀ ju oríkèé ńlá mìíràn lọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọsàn náà yí bọ́ láti orí àwo ni ètè rírọ̀ kan tí ó yí etí àwo náà ká, àti iṣan mẹ́rin tí wọ́n di orí egungun náà mú láti iwájú, òkè àti ẹ̀yìn. Àwọn iṣan mẹ́rin wọ̀nyí kò tóbi. Wọn kò hàn nínú dígí bí ti àyà tàbí ti apá òkè, èyí sì ni ó fà á tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé irin kì í fi í rántí wọn. Síbẹ̀, àwọn ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ajubọ́ọ̀lù bá fẹ́ jù, yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò sì yí apá sẹ́yìn débi tí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ilẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti fà á síwájú. Àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà wọn ìṣípòpadà yìí rí i pé lára àwọn àgbà ajubọ́ọ̀lù, èjìká máa ń yí ní ìwọ̀n dígírì 7,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá ṣeé ṣe kí apá máa yí bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko, yóò yí po ní ìgbà 19. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá sì ti kúrò lọ́wọ́, agbára tí ń fẹ́ fa apá yọ kúrò ní ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo ara ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Àwọn iṣan kékeré wọ̀nyí ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bí ó ti ń rí nìyí pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lásán tí kò ju gíráàmù 149 lọ.

Ohun tí bọ́ọ̀lù oníwúwo ń ṣe

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni onímọ̀ kan ní Yunifásítì Hawaii, Coop DeRenne, ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kò jìnnà sí ti eré: èyí tí ó fúyẹ́ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 113, èyí tí ó wúwo sì jẹ́ nǹkan bí 170. Ó rí i pé ìyára ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún ìwúwo náà. Lónìí, bọ́ọ̀lù tí ó tó gíráàmù 907 wà nínú ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó píọ̀ wọ́tà méjì.

Ìwádìí tí ó là mí lójú jù lọ ni èyí tí Michael Reinold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2018. Wọ́n kó ajubọ́ọ̀lù 38 jọ, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 13 sí 18, tí ara gbogbo wọn sì le. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú. Apá kan ń fi bọ́ọ̀lù tí ìwúwo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 57 títí dé 907 kọ́ra, ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Apá kejì ń ju bọ́ọ̀lù eré lásán.

Èsì rẹ̀ rèé. Ìyára àwọn oníbọ́ọ̀lù wíwúwo lé ní ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí ń lọ sí àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àwọn oníwádìí tún wọn èjìká wọn, wọ́n sì rí i pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ibi tí apá lè yí sẹ́yìn dé ti fi dígírì 4.3 lé sí i. Èjìká ti tú díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ka àwọn tí ó farapa. Nínú àwọn tí ó ju bọ́ọ̀lù wíwúwo, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó farapa. Nínú àwọn tí ó ju bọ́ọ̀lù lásán, kò sí ẹyọ ẹnì kan. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé ìgbọ̀nwọ́ ni àwọn tí ó farapa ti fara pa. Egungun ìgbọ̀nwọ́ àwọn kan sán; okùn iṣan ìgbọ̀nwọ́ àwọn mìíràn bàjẹ́.

Ẹni tí ó bá ti fi kànnàkànnà sọ ẹyẹ rí kò ní jìnnà sí òye ọ̀rọ̀ yìí. Kò di dandan kí á ra rọ́bà tuntun kí òkò tó lè jìnnà sí i. Bí a bá ti fa ti tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn sí i, òkò yóò yára sí i. Apá tí ó bá lè yí sẹ́yìn sí i náà ní ọ̀nà tí ó gùn sí i láti fi kó eré jọ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́. Àmọ́ bí apá òkè bá ti ń bọ̀ síwájú, tí ọwọ́ ìsàlẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́yìn, okùn iṣan kékeré kan ní ìhà inú ìgbọ̀nwọ́ ni ó so méjèèjì pọ̀. Òun ni gbogbo ìfàyapa náà ń wá bá. Okùn yìí ni Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ fi iṣan mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún ajubọ́ọ̀lù kan tí ń jẹ́ Tommy John ní ọdún 1974. Títí di òní, orúkọ ajubọ́ọ̀lù náà ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ yẹn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní, "Èjìká mi kò dùn mí, bọ́ọ̀lù oníwúwo kò ṣe mí ní nǹkan kan," kò tíì wo ìwé gbèsè náà délẹ̀. Èjìká ni ó yá owó náà, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá sìn.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí yẹn tí àwọn tí ń ta bọ́ọ̀lù oníwúwo kì í mẹ́nu bà. Nínú àwọn tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù wíwúwo rárá, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyára tiwọn náà pọ̀ sí i. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lásán tí ó létò, tí kò mú ìpalára wá, fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá.

Egungun tí kò tíì gbó

Ọ̀rọ̀ ọmọdé tún yàtọ̀. Ní ìsàlẹ̀ orí egungun apá, ní ẹ̀gbẹ́ èjìká gan-an, ibì kan wà tí kò tíì le bí egungun lára ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà. Láti ibẹ̀ ni apá òkè ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú gígùn rẹ̀. Kì í sábà pa dé títí ọmọkùnrin yóò fi tó ọdún 16 sí 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àgbàlagbà, iṣan ni ó máa ń kọ́kọ́ já. Lára ọmọ, ibi rírọ̀ yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ fàya díẹ̀díẹ̀, nítorí pé òun ni kò lágbára jù nínú gbogbo ohun tí ó so pọ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ajubọ́ọ̀lù ọmọ ọdún 11 sí 16. Àmì rẹ̀ kì í pariwo: ìrora ní òkè apá nígbà tí ọmọ bá ń jù tàbí lẹ́yìn tí ó bá jù tán, tí yóò lọ bí ó bá sinmi, tí yóò sì padà bí ó bá tún jù.

Àmì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà fún mi gan-an nìyẹn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, dókítà sì fi ibi rírọ̀ náà hàn wá: ó ti fẹ̀ ju ti apá òsì lọ. Ó ní kò gbọdọ̀ ju ohunkóhun fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ àyẹ̀wò náà dé, ó sì kọjá lọ, ọmọ náà jókòó sílé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí" nìkan ni ọ̀rọ̀ tí mo rí gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, àwọn tí mo jù lọ ni wọ́n mú." Mi ò jiyàn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Mo kàn sọ fún un pé apá kan ṣoṣo ni ó ní fún ìgbà tí wọn yóò tún pè é. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ìdárayá tí físíò fún un, ó sì ti da yanrìn inú ìbọ̀sẹ̀ náà nù fúnra rẹ̀.

Ṣé kí a sọ bọ́ọ̀lù oníwúwo nù pátápátá ni?

Òdodo ọ̀rọ̀ kò ní jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ajubọ́ọ̀lù kan ń lò ó ní Amẹ́ríkà, àwọn ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá bíi Driveline ní ìpínlẹ̀ Washington sì ti fi sọ ara wọn di ẹni mímọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó yí i ká níbẹ̀. Egungun àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti gbó. Wọ́n ti fi oṣù púpọ̀ mú iṣan le kí wọ́n tó fọwọ́ kan án. Kámẹ́rà ń wò wọ́n, ẹnì kan ń wọn èjìká wọn, wọ́n ń ka gbogbo ohun tí wọ́n jù, wọ́n sì ń sinmi. Fídíò tí ó dé orí fóònù wa ní Festac kì í fi ìwọ̀nyí hàn. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí bọ́ọ̀lù fi gbá ògiri nìkan ni ó ń fi hàn.

Àwọn tí wọ́n ni eré náà pàápàá kò sùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ tí ń darí bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ìdí tí apá àwọn ajubọ́ọ̀lù fi ń bàjẹ́ sí i. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí jù ni lílépa ìyára lọ́nàkọnà àti fífi gbogbo agbára jù ní gbogbo ìgbà. Bí àwọn tí ó ní dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bá ń pariwo báyìí, kí ni ó yẹ kí ọmọ tí ògiri ẹ̀yìn ilé nìkan jẹ́ kóòṣì rẹ̀ ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí bésíbọ́ọ̀lù. Ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́, ẹni tí ń lu fọ́líbọ́ọ̀lù àti ẹni tí ń ju ọ̀kọ̀, èjìká kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Àwọn tí ń darí eré ọ̀kọ̀ jíjù ti fi ọgbọ́n hàn nínú èyí. Ọ̀kọ̀ àgbà ọkùnrin jẹ́ gíráàmù 800. Ti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 jẹ́ 700. Irin roboto tí àgbà ọkùnrin ń tì jẹ́ kílógíráàmù 7.26, ti ọmọkùnrin tí kò tíì pé 18 jẹ́ 5. Wọ́n dín ìwúwo kù fún ọmọdé nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ kò tíì gbó. Àwa ni a wá ń fi kún un.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀gbọ́n àti kóòṣì, ẹ jẹ́ kí a máa ka iye. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní Pitch Smart ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ ọdún 15 sí 16 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù tí ó lé ní 95 ní ọjọ́ ìdíje kan, bí ó bá sì ju 76 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó tún jù nínú ìdíje. Ó tún ní kí ọmọ fi ó kéré tán oṣù mẹ́rin sílẹ̀ nínú ọdún tí kò ní ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje. Bírò àti ìwé kékeré kan ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ máa ju bọ́ọ̀lù nígbà tí apá rẹ̀ bá ti rẹ̀ ẹ́. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2006, ewu iṣẹ́ abẹ tó ìlọ́po 36 fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó sábà máa ń jù pẹ̀lú apá tí ó ti rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń já sílẹ̀ ṣáájú ibi tí ó yẹ kí ó dé, tàbí tí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ bá ti ń wálẹ̀ nígbà tí ó bá ń jù, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí.

Bí ó bá jẹ́ agbára ni ọmọ ń wá, ẹ wá a sí ibi tí ó wà. Ẹsẹ̀, ìbàdí àti àárín ara ni ìyára ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni ó kẹ́yìn. Kí ó máa sáré, kí ó máa fò, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ kí ó sì máa dìde. Fún èjìká, kí ó so rọ́bà tí a gé lára táyà inú kẹ̀kẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, kí ó lẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí ó máa fa rọ́bà náà síta díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó máa fà á wá sí àyà bí ẹni tí ń tukọ̀. Kò dùn ún wò nínú fídíò, ṣùgbọ́n iṣan mẹ́rin tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó ń bọ́.

Bí ìrora bá wà ní èjìká tàbí ìgbọ̀nwọ́ tí kò lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, tàbí tí ó ń padà ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá jù, ẹ má ṣe fi òróró pa á kí ẹ sì ní kí ó máa lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Àwọn àgbà wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bọ́ọ̀lù oníwúwo kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé òun kò ní ba apá jẹ́. Àwa tí a wà nítòsí ọmọ ni a lè gbé e lé òṣùwọ̀n, kí a ka iye tí ó jù, kí a sì sọ pé ó tó fún òní.